Ẹsẹ̀ Funfun Ojú Fèrèsé

Abíọ́nà ń gbálẹ̀ àgbàlá wọn ní Ìwéré-Ilé láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ọwọ̀ rẹ̀ kan ohun tútù kan nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ojú ẹsẹ̀ èèyàn ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀: gìgísẹ̀ rèé, ọmọìka rèé, gbogbo rẹ̀ pé. Ó wo iwájú, ó rí òmíràn, ó tún rí òmíràn. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni. Ti ọ̀tún kò sí níbì kankan, bí ẹni pé ẹlẹ́sẹ̀ kan ló wọlé tọ̀ wọ́n wá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ipa náà ti ojú ọ̀nà oko wá, ó gba ẹ̀bá ìkòkò omi kọjá, ó sì wọ yàrá bàbá rẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin náà ju ọwọ̀ sílẹ̀, ó sáré wọlé. Ọdẹ́jọbí bàbá rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbẹ́ ọdẹ dé, jókòó sórí àpótí, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì ń kọrin lábẹ́ ètè. Àfọ́kù ìgò kan tó gùn tó ìka há sí àtẹ́lẹsẹ̀ òsì rẹ̀.

"Bàbá! Ẹsẹ̀ yín!"

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi?"

"Ìgò ló gún yín!"

Ọdẹ́jọbí gbé ẹsẹ̀ náà lé orúnkún, ó wò ó bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. "Háà! Ìgbà wo lèyí wọbẹ̀? N ò mà mọ̀." Ó fi ọwọ́ lásán fà á yọ. Kò ṣẹ́jú, kò fún ojú pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, ó sì tún gbé ife ẹ̀kọ rẹ̀ sẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé akin ọkùnrin ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo Ìwéré-Ilé wí. Wọ́n ní ọdẹ náà ti jẹ oògùn tí kì í jẹ́ kí ohunkóhun dùn ún. Irọ́ gbuu! Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ tí kò sì dùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú lọ ni, òun fúnra rẹ̀ ni kò tíì gbọ́.

Ohun tó ká Ọdẹ́jọbí lára ju ìgò lọ ni ipa ẹsẹ̀ tó fi sílẹ̀. Láàárín àwọn ọdẹ ibẹ̀, èèyàn kì í fi ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọdẹ bá ti ń wọlé, á já ewé, á fi gbá ipa rẹ̀ nù, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá bu erùpẹ̀ ibi tí èèyàn fẹsẹ̀ tẹ̀ lè fi ṣe onítọ̀hún ní ibi.

"Abíọ́nà, lọ gbá gbogbo rẹ̀ nù kí ojú tó pọ̀ lọ́nà."

"Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá," Dúróríkẹ́, ìyá Abíọ́nà, dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Abíọ́nà, ẹ dìde, ó di ilé ìwòsàn. Bí ẹ ò bá lọ, ẹni tí yóò se oúnjẹ fún yín lónìí, n ò mọ̀ ọ́n o."

Ọdún 1982 ni à ń wí yìí. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà. Mojọlá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni. Ó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ìtọ́jú ẹsẹ̀ nìkan ló sì kọ́. Àwọn ará ìlú fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Odindi ìlú òyìnbó, ẹsẹ̀ ló lọ kọ́! Orí ńkọ́? Inú ńkọ́?" Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn lọ́jọ́ tí wọ́n rí ohun tó ń sá sójú fèrèsé rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ funfun, tí kò ní ojúgun, tí kò ní orúnkún, ó tò wọ́n sójú oòrùn, wọ́n kọ ọmọìka sọ́nà. Ọyẹ́ ti mú nígbà náà. Bí kùrukùrù ọyẹ́ bá bo ìlú láàárọ̀, ògiri ilé ìwòsàn á pòórá, àwọn ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn nìkan ni èèyàn á máa rí lókè, bí ẹni pé àwọn kan dúró sínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò kọjá. Àwọn ọmọ ilé ìwé kì í gba ibẹ̀ mọ́.

Mojọlá ní kí Ọdẹ́jọbí jókòó, ó fọ egbò rẹ̀, lẹ́yìn náà ló mú ìyẹ́ adìẹ kan.

"Ẹ dijú, Bàbá. Bí ìyẹ́ yìí bá ti kàn yín lẹ́sẹ̀, kí ẹ sọ fún mi."

Ó fi kan ẹsẹ̀ ọ̀tún. "Ó kàn mí," ni Ọdẹ́jọbí wí. Ó bọ́ sí òsì. Ó fi kan àtàǹpàkò, Ọdẹ́jọbí kò fọhùn. Ó fi kan àtẹ́lẹsẹ̀, ó fi kan gìgísẹ̀, ọdẹ náà kò fọhùn. Mojọlá gbé ìyẹ́ sílẹ̀, ó fi èékánná ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀ títí ojú ibẹ̀ fi wọnú. Abíọ́nà, tó dúró ti ìyá rẹ̀, ń wo èékánná yẹn.

"Ìgbà wo lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" Ọdẹ́jọbí béèrè, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

"Mo ti ṣe é tán, Bàbá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mojọlá tún bi í pé, "Bí ẹ bá tọ̀ sílẹ̀, ǹjẹ́ èèrà máa ń ṣùjọ síbẹ̀?"

Ọdẹ́jọbí lajú kíá. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹsẹ̀ yín ló sọ. Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe yín, èyí tí wọ́n ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó ti ba àwọn iṣan tí ń gbọ́ ìrora jẹ́. Ìrora dà bí ajá ilé, Bàbá. Ajá yín ti kú lẹ́sẹ̀ òsì. Olè lè wọlé báyìí, ẹ ò ní gbọ́."

Ó mú abẹ tín-ín-rín kan, ó ń bó awọ líle kúrò ní etí egbò díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bó iṣu fún ọmọdé. Ó di egbò náà dáadáa. Lẹ́yìn èyí ló po ìyẹ̀fun funfun kan mọ́ omi, irú èyí tí wọ́n fi ń di egungun tó kán, ó fi wé ẹsẹ̀ náà títí ó fi le. Ó bọ́ ọ bí ẹni bọ́ bàtà, ó sì rọ èyí tó kù sínú ihò rẹ̀. Nígbà tó fọ́ èèpo òde kúrò, ẹsẹ̀ Ọdẹ́jọbí ló jáde, funfun báláú, pẹ̀lú ọmọìka kékeré tó ká sábẹ́ èkejì rẹ̀.

"Bí ẹ bá ń rìn, gbogbo ara yín ló ń tẹ egbò yìí," ó ṣàlàyé. "Ara ẹsẹ̀ funfun yìí ni oníbàtà ní Ìṣẹ́yìn yóò ti rí bí ẹsẹ̀ yín ṣe rí, kí ó lè ṣe bàtà tí kò ní jẹ́ kí egbò fara kanlẹ̀. Títí bàtà yóò fi dé, ẹ má lọ sóko, ẹ má lọ sígbẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò jẹ wọ egungun. Bó bá wọ egungun, wọ́n lè gé ẹsẹ̀ yìí."

Ọdẹ́jọbí gbà. Inú Abíọ́nà dùn. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ìyápọ̀, ọ̀gá àwọn ọdẹ àdúgbò wọn, wọlé dé, kò tilẹ̀ jókòó.

"Ọdẹ́jọbí, erùpẹ̀ ẹsẹ̀ lásán là ń bò mọ́lẹ̀, ìwọ lọ gbé odindi ẹsẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni!"

"Ó fẹ́ fi ṣe bàtà ni," Dúróríkẹ́ wí.

"Bàtà! Ẹsẹ̀ Ìyá Mákindé náà wà lójú fèrèsé yẹn. Ìyá Mákindé alára dà?"

Ìyá Mákindé ti kú. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ikọ́ ló sì pa á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í béèrè ọjọ́ orí òkú. Abíọ́nà kò lè jẹun mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé girama, orí rẹ̀ sì pé. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Mojọlá fúnra rẹ̀. Èyí dára. Ì bá ti dára jù bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin.

"Àǹtí, báwo lẹ ṣe kọ́ iṣẹ́ yìí?"

Inú Mojọlá dùn, kò sí ẹni tó bi í rí. "Ọdún mẹ́ta gbáko ni. Lọ́dún kìíní, wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kan aláìsàn. Wọ́n fún kálukú wa ní àpótí egungun ẹsẹ̀, egungun èèyàn gidi, pé ká gbé e lọ sílé. Abẹ́ ibùsùn mi ni tèmi ń gbé."

"Egungun òkú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Olùkọ́ wa á ní ká dijú, ká kiwọ́ bọ àpótí náà, ká fọwọ́ mọ egungun tí a mú, ká dárúkọ rẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ẹsẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà la kọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ọmọìka, àti bí a ṣe ń di abẹ mú. Ẹsẹ̀ ara wa la kọ́kọ́ fi kọ́ abẹ, ká lè mọ bó ṣe ń dun èèyàn. Ìgbà tó pẹ́ ni wọ́n tó gbé arúgbó síwájú wa. Olùkọ́ á dúró sẹ́yìn wa, kò ní sọ nǹkan kan, àfi bí ọwọ́ ẹni bá fẹ́ ṣìnà. Ẹ̀rù egungun yẹn kọ́kọ́ bà mí o. Nígbà tí mo ń béèrè ohun tí n kò mọ̀, ẹ̀rù náà lọ."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló yẹ kó wọ Abíọ́nà létí. Kò wọ̀ ọ́. Egungun abẹ́ ibùsùn ló gbé lọ sílé ìwé, ó sì sọ ọ́ fún Mọ́ládé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Mọ́ládé ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ó sun orí egungun òkú fún ọdún mẹ́ta! Ẹnu ara rẹ̀ lo ti gbọ́ ọ, o sì jókòó síbí! Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàbá tèmi ló wà lójú fèrèsé yẹn, kò ní di ọ̀la níbẹ̀. Àbí ojo ni ẹ́?"

Ojo! Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń mú ọmọdé ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Abíọ́nà yọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn. Mojọlá wà nínú yàrá kejì, ó ń tọ́jú ọmọ kan tó ń ké. Kùrukùrù ọyẹ́ ṣì bo oòrùn, gbogbo nǹkan pọ́n bí ìgbà tí èèyàn ń wò láti inú aṣọ. Àwọn ẹsẹ̀ náà tò sójú fèrèsé, wọ́n kọjú sí i. Ó mọ ti bàbá rẹ̀ lára ọmọìka tó ká.

Ó fọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Oòrùn tó ń gba inú kùrukùrù wọlé ló mú un gbóná, ṣùgbọ́n lójú Abíọ́nà, ara èèyàn alààyè ló fọwọ́ kàn. Ó wé e sínú gèlè rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà, ó ń sáré lọ sí odò. Ó dá a lójú pé nǹkan ń mì tìtì nínú gèlè náà. Àyà tirẹ̀ ni, kò mọ̀. Ó ju ẹsẹ̀ náà sínú ibú. Ó rì, omi sì ń hó sókè ní pọ̀pọ̀pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà omi pa rọ́rọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Mojọlá dúró síwájú àwọn aláìsàn. "Ẹsẹ̀ tí mo ṣe fún Bàbá Ọdẹ́jọbí kò sí níbi tí mo gbé e sí. Mo bẹ ẹni tó bá mú un, kó dá a padà. N kò ní bínú."

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ìlú ló bá a fọhùn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ Ọdẹ́jọbí ti rìn lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹnì kan ti rí i lójú ọ̀nà Ìjìó ní ìdájí, tó ń fò lọ ní òun nìkan. Ẹnì kan tún gbọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilé: kì, kì, kì. Mọ́ládé pàápàá búra pé òun gbọ́ ọ! Abíọ́nà tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ náà wà kò lè sùn mọ́. Irọ́ tí kò tilẹ̀ pa ti ń rìn kiri ìlú.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ọdẹ́jọbí. Ó tú aṣọ egbò rẹ̀ sọnù, ó fi ewé dí i, ó wọ bàtà rọ́bà, ó gbé ìbọn. Dúróríkẹ́ sunkún, kò gbọ́. Nígbà tí Mojọlá gbọ́, ó wá sílé wọn, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tún òmíràn ṣe. Wákàtí kan péré ni yóò gbà."

"Ẹsẹ̀ mi ti rìn lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ. O fẹ́ kí ọ̀tún náà lọ?"

"Ẹsẹ̀ tí mo ṣe yẹn kò lè rìn, Bàbá. Ẹnì kan ló gbé e."

"Ta ni?"

Abíọ́nà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ó wà ní orí ahọ́n rẹ̀: èmi ni. Bó bá sọ ọ́, bàbá rẹ̀ yóò padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú! Kí ni ìlú yóò pè é? Ó yọ́ bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mojọlá dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó lọ. Ọdẹ́jọbí sì gba ìgbẹ́ lọ.

Ìgbà tó yá, òórùn kan wọ inú ilé wọn. Dúróríkẹ́ ní eku ló kú sí àjà. Wọ́n gbé àkàbà, wọ́n wá gbogbo àjà, wọn ò rí eku. Wọ́n gbé gbogbo àpótí kúrò lára ògiri, wọ́n gbọn ẹní, wọ́n tú àká wò. Òórùn náà ń lọ láti yàrá kan sí èkejì. Bó bá kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á wà lágbàlá. Ọdẹ́jọbí náà ń bá wọn wá a, ó ń tiro, ó ń bú eku. Abíọ́nà ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ibi tí bàbá òun bá wà ni òórùn náà máa ń wà. Lọ́jọ́ kejì, Ọdẹ́jọbí kò lè dìde lórí ẹní, ibà mú un, ó ń bá ẹran ìgbẹ́ tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ariwo ta lódò. Ọyẹ́ ti fa omi ibú, àwọn obìnrin tó lọ pọnmi sì rí ọmọìka ẹsẹ̀ funfun márùn-ún tó yọ láti inú ẹrẹ̀, ó nà sókè, bí ẹni pé ẹni tí wọ́n sin sábẹ́ odò ń gbìyànjú àtijáde. Wọ́n da garawa nù, wọ́n sá wọ̀lú. Bàbá Ìyápọ̀ kó àwọn ọdẹ jọ. Ó di ilé ìwòsàn! Wọ́n ní kí Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ di ẹrù rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n sì ń fi igi gbá àwọn ẹsẹ̀ ojú fèrèsé wó lulẹ̀. Mojọlá dúró sáàárín èérún funfun.

"Èmi ni!"

Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Abíọ́nà ló sáré dé, kò wọ bàtà, omijé bo ojú rẹ̀.

"Èmi ni mo jí i gbé. Èmi ni mo jù ú sódò. Kò rìn, kò fò, gèlè mi ni mo fi wé e!"

"Lọ sílé, ọmọ yìí," Bàbá Ìyápọ̀ wí.

"N kò lọ! Ọmọìka kékeré rẹ̀ ká sábẹ́ èkejì. Ẹ lọ wẹ ẹrẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wò ó!" Ó kọjú sí Mojọlá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́. "Àǹtí, ẹ gbà mí. Ilé wa ń rùn."

Mojọlá kò béèrè ìdí tó fi ṣe é. Ó já àpò rẹ̀ gbà lórí tábìlì, ó gba àárín àwọn ọdẹ náà kọjá, ó ń sáré. Bàbá Ìyápọ̀ ju igi ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sáré tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ Lánróófà tó kó ọṣẹ wá sọ́jà ni wọ́n fi gbé Ọdẹ́jọbí lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gbà á là. Wọn ò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ là. Ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé e. Dókítà tó gé e sọ fún Dúróríkẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbé e wá nígbà tí egbò náà ṣì kéré, bàtà lásán ni ì bá gbà.

Ọdẹ́jọbí padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábíyá. Ó ta ìbọn rẹ̀. Kò bú Abíọ́nà, kò nà án. Kò sì bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ náà yóò gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, bàbá yóò jẹ ẹ́, yóò wo ibòmíràn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹgba dùn ju ìyẹn lọ.

Mojọlá kò bá wọn jà, kò sì kúrò nílùú. Ó wá sílé wọn, ó pe Abíọ́nà jókòó. Ó ní ẹsẹ̀ kan tó kù náà wà nínú ewu, nítorí àtọ̀gbẹ kò tíì lọ, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní àràárọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀, gìgísẹ̀, àárín ọmọìka. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ mọ ibi tó gbóná ju ibòmíràn lọ. Ó mú un dijú, ó mú un tún un ṣe, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Abíọ́nà gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ọdẹ́jọbí tó na ẹsẹ̀ ọ̀tún náà sí i. Ọmọ náà fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó ya ọmọìka kọ̀ọ̀kan wò, ó dijú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá a kiri.

"Kí lo rí?" Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn láti Ìbàdàn.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá."

"Bí nǹkan bá wà lọ́la ńkọ́?"

"Màá sọ."

"Bó bá jẹ́ ìwọ lo fà á ńkọ́?"

Abíọ́nà bú sẹ́kún, ó di ẹsẹ̀ náà mú. "Màá sọ, Bàbá. Màá tètè sọ."

Ọdẹ́jọbí gbé ọwọ́ lé e lórí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó lè ba ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹ béèrè ohun tó ń bà yín lẹ́rù, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀ délẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ má dúró de ìtìjú kó tán kí ẹ tó sọ ọ́, nítorí kì í tán. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìdákẹ́ Abíọ́nà kò mọ sára rẹ̀ nìkan. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ló bá a lọ.